Igi Àwọn Ará Róòmù àti Ẹrù Orí Olè

Ilé wa, Òwu,
Abẹ́òkúta.
Àárọ̀ Ọjọ́rú.

Morẹ́nikẹ́, Àbẹ̀ní ọmọ mi, adájọ́ tí mo fi ọmú bọ́,

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni wàá kọ́kọ́ rín nígbà tí awakọ̀ bá fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. Wàá ní, ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé tí a wà yìí? Fóònù wà lọ́wọ́ mi, wàásáàpù sì wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ sínú fóònù kí iná bátìrì tó kú. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìfaradà ìlú onílùú. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń pàṣẹ fún mi bí ọ̀gá.

Ohun tí o bi mí lánàá kò jẹ́ kí n lè jẹ oúnjẹ mi tán. O ní ọmọkùnrin kan jí bátìrì ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ìlú yín, pé láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ti padà sí odò, pé inú ń bí tọmọdé tàgbà. Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ti rí bátìrì náà gbà. O ní àwọn àgbà ìlú wá bá ọ nílé, pé kí ọlọ́pàá tó gbé e wá sí kóòtù rẹ, àwọn fẹ́ bọ́ aṣọ lára ọmọ náà, kí àwọn gbé bátìrì náà lé e lórí, kí àwọn sì mú un yípo ọjà pẹ̀lú agolo lílù, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi kọ́gbọ́n. O ní ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ sọ pé bí màdáámù adájọ́ kò bá ti ní kí àwọn má ṣe é, àwọn kò ní rí nǹkan kan. Ìwọ wá rẹ ohùn rẹ sílẹ̀, o ní, "Màmá, ṣé kí n kàn dákẹ́ ni?"

Mo ní kí o jẹ́ kí n rò ó. Mo ti rò ó. Ọ̀la ni ọjà yín, nítorí náà fara balẹ̀ ka ìwé yìí lónìí, má fi apá kan sílẹ̀ dìgbà tí o bá ráyè.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ọ́, torí pé ẹni tó mọ nǹkan ṣe là ń yìn. Lọ́jọ́ tí o búra iṣẹ́, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, mo fa gèlè bo ojú díẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ má baà rí omijé mi. Ọmọ tó máa ń dá ẹjọ́ adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé wa ni mò ń wò, èyí tó máa ń ní kí àkùkọ kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀. Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. O ti mọ ìyẹn kí o tó mọ a-b-d. Bí o sì ṣe bèèrè lánàá kí o tó dákẹ́, ó wú mi lórí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jókòó sórí irú àga yẹn ni kò ní bèèrè.

Ó dáa, ìmọ̀ràn mi rèé. Èkíní.

O mọ̀ pé Ìmọ̀ Bíbélì àti ìtàn àtijọ́ ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ. Mo fẹ́ràn àwọn ará Róòmù, mi ò ní purọ́. Wọ́n la ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gbà kọjá òkè àti ọ̀gbun, wọ́n gbé omi láti orí òkè wọ ìlú láìsí ẹ̀rọ, wọ́n sì ṣètò òfin débi pé ìwọ náà kà nípa wọn kí o tó di lọ́yà. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni wọ́n. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, pé àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí náà ló ń kan èèyàn mọ́ igi.

Ṣé o rí i, bí ó bá ṣe pé kí wọ́n ṣáà pa ọ̀daràn ni wọ́n ń fẹ́, idà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sì ń fi idà pa ọmọ ìlú tiwọn, kíá, ó ti tán. Àgbélébùú, ti ẹrú ni, ti àlejò, ti ọlọ́ṣà ojú ọ̀nà, ti ẹni tó dìde sí ìjọba. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n dárúkọ igi náà létí àwọn. Pàṣán ni wọ́n á kọ́kọ́ fi na ẹni náà títí ẹran ara rẹ̀ yóò fi ya. Wọ́n á wá gbé igi ìbú lé e léjìká kó máa rù ú lọ síbi tí òpó ti dúró dè é. Nígbà mìíràn, wọ́n á kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sára pátákó, ẹnì kan á gbé e ṣáájú tàbí kí wọ́n gbé e kọ́ ọrùn rẹ̀. Wọ́n á tú u sí ìhòòhò. Aṣọ tí a ń rí ní ìdí Olúwa wa nínú àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ló ti àwọn tó yà á.

Ẹ̀bá ọ̀nà tí èrò pọ̀ sí ni wọ́n ń gbé e kọ́, lẹ́nu ibodè, níbi tí ẹni tó ń lọ ra iyọ̀ yóò ti rí i. Ẹlòmíràn á wà níbẹ̀ láàárọ̀, á wà níbẹ̀ lálẹ́, ilẹ̀ á tún mọ́ bá a láàyè. Èémí ló máa ń nira, torí pé bí ara bá ti so rọ̀, àyà kò ní lè ṣí dáadáa, àfi kó fi ẹsẹ̀ tí ìṣó wà nínú rẹ̀ ti ara rẹ̀ sókè. Bí wọ́n bá fẹ́ kó tètè kú, wọ́n á fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun á jókòó ti igi náà kí ẹbí má baà wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá kú tán, wọ́n lè fi í sílẹ̀ fún igún. Nígbà tí àwọn ẹrú kan dìde sí àwọn ọ̀gá wọn, tí àwọn ará Róòmù ṣẹ́gun wọn, wọ́n to igi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọ Róòmù, ẹrú kan lórí igi kọ̀ọ̀kan, bí òpó iná ṣe tò láti ibí dé Alábàtà.

Ìran ni, Àbẹ̀ní. Wọ́n ń fi ẹnì kan ṣe ìran kí ẹ̀rù lè ba àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ìlú yín sọ fún ọ gan-an nìyẹn.

Wá bi mí, ṣé ó ṣiṣẹ́? Mo máa ń béèrè ìbéèrè yìí ní kíláàsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n kan Olúwa wa mọ́ igi, olè méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Láti ayé baba ńlá wọn ni Róòmù ti ń kan olè mọ́gi lójú ọ̀nà, tí gbogbo ayé ń rí i. Bí ìtìjú bá ń pa olè run, ibo ni àwọn méjì yẹn ti yọ jáde?

Èkejì, má ṣe rò pé ẹni tó dákẹ́ kò dá ẹjọ́. Gómìnà Róòmù tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Àwọn èrò ń pariwo, ẹ̀rù bà á, ó bu omi, ó wẹ ọwọ́ rẹ̀. Omi yẹn kò wẹ̀ ẹ́ mọ́ títí di òní. Lójoojúmọ́ Ọlọ́run ni àwa Kristẹni ń ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wa. Ohun tí ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn gbé wá fún ọ, abọ́ omi ni.

Ẹ̀kẹta, àbí ẹ̀kẹrin ló kàn? Jọ̀ọ́, ẹni tó ń kọ ìwé ti dàgbà. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìtòkú ló kàn.

O rántí Ìyá Ìtòkú, arúgbó Mùsùlùmí tí bàbá rẹ máa ń kó gbogbo yín lọ kí ní ọdún Iléyá, tí ẹ ó máa jẹ ẹran títí ìwọ yóò fi ní inú ń run ọ́. Nígbà tí mò ń sọ yìí, kò tíì darúgbó. Obìnrin gíga ni, ó dúdú, aró kì í kúrò ní èékánná rẹ̀, àdìrẹ rẹ̀ sì ni gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà máa ń fẹ́ fi rán aṣọ ìsinmi. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Ìtòkú lọ́jọ́ náà, mò ń ná aṣọ tí mi ò lè rà. Ẹnì kan ti gbé odindi ẹrù àdìrẹ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù náà láàárọ̀. Ìyá Ìtòkú fúnra rẹ̀ ló pariwo olè, àwọn ọkùnrin ọjà sì ti sá tẹ̀ lé olè náà.

Wọ́n mú un ní ẹ̀yìn àpáta kan. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, agolo ni a kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀, wọ́n fi èédú kun ojú rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹrù aṣọ náà lé e lórí. Kò ju ẹgbẹ́ mi lọ.

Kí n ṣàlàyé ìlànà rẹ̀ fún ọ, torí pé ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sójú fóònù lè má mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ohun tí olè jí gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́, wọ́n á gbé e kọ́ ọrùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣu, á rù ú. Bí ẹrù bá jábọ́, wọ́n á dúró, wọ́n á tún gbé e lé e, nítorí ẹrù yẹn ló ń ro ẹjọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Kò sí ẹrù, kò sí ìrìn. Ojúlé olóhun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ mú un lọ, kí olóhun lè rí ohun rẹ̀, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kó sì bú olè náà tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá gbé e yí ìlú po.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé iwájú Ìyá Ìtòkú. Gbogbo ojú wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì fi báàgì rẹ̀ lé èmi tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun. Ó sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sọ ẹrù náà kúrò lórí ọmọ náà. Agolo dákẹ́. Ọkùnrin tó ṣáájú wọn ní Ìyá, a ò tíì bẹ̀rẹ̀, ibo la dé? Ìyá Ìtòkú bi í pé ta ló ni aṣọ. Ó ní ẹ̀yin ni, Ìyá.

"Mo ti gba aṣọ mi. Kí lẹ tún fẹ́ gbé kiri?"

Bẹ́ẹ̀ ni ìlànà tiwọn rí, kò sí ẹrù, kò sí ìrìn. Ó tú ẹrù náà lójú gbogbo wa, ó fa èyí tó dára jù níbẹ̀ yọ, tuntun, aró rẹ̀ ṣì ń rùn, ó sì fi bo ọmọ náà láti èjìká dé orúnkún. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé olè ni o, Ìyá! Ó yíjú sí i.

"Mo mọ̀ pé olè ni. Aṣọ mi ló jí, kì í ṣe tìẹ. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni mò ń mú un lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lu agolo, kó lọ lù ú nílé rẹ̀."

Ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú gírígírí, wọ́n sì ń lọ. Èmi ń gbé báàgì tẹ̀ lé wọn. Àwọn èèyàn ń yà fún wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ náà ni mo fojú rí i.

Gbọ́ èyí dáadáa o, torí pé ibẹ̀ ni mo ti ń yìn ín jù. Kò bẹ ọlọ́pàá pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi ọwọ́ sí i. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, ó lọ jẹ́rìí ta ko ọmọ náà, ó wọ aṣọ tó dáa lọ. Ọmọ náà ṣẹ̀wọ̀n. Àánú obìnrin yẹn kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. A kì í torí ọ̀ràn bínú orí, ká fi fìlà dé ìbàdí.

Bí a ti ń padà bọ̀ láti àgọ́ ọlọ́pàá, mo bi í pé kí ló dé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá gbé e yí ìlú po, lọ́jọ́ tó bá jáde, ọjà wo ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni yóò wọ̀ tí wọn kò ní pè é ní Ẹrù Aṣọ? Ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Olè ni yóò tún jà. Ó wá dúró, ó wò mí.

"Ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ̀sín kò ní."

Ikú yá ju ẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Àwọn ará Róòmù fi méjèèjì pọ̀, wọ́n sì pè é ní òfin.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àwọn obìnrin tó dúró ti àgbélébùú nígbà tí àwọn ọkùnrin ti sá lọ, tàbí ọlọ́rọ̀ kan tó lọ fi orúkọ rẹ̀ wewu níwájú gómìnà láti tọrọ òkú Olúwa wa kí igún má jẹ ẹ́, ojú Ìyá Ìtòkú ni mò ń rí. Obìnrin tí kò ka Bíbélì rí! Òun tilẹ̀ máa ń bá mi jiyàn pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí wọ́n rí Ànábì Ìsá kàn mọ́ igi kankan. Èmi á ní wọ́n kàn án, òun á ní wọn ò kàn án. Ibi tí a ti máa ń fẹnu kò ni pé ìkà ni àwọn tó gbẹ́ igi náà. Lẹ́yìn náà, á ní kí n wá jẹun.

Morẹ́nikẹ́, jókòó dáadáa. Ọmọkùnrin tó wà lábẹ́ ẹrù yẹn, bàbá rẹ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá rẹ tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń fi kọ́kọ́rọ́ àpótí lé lọ́wọ́. Ó jalè, kì í ṣe pé wọ́n pa á mọ́ ọn. Kò fi ebi ṣe àwáwí rí, kò sì fi ẹgbẹ́ búburú ṣe é. Nígbà tó jáde lẹ́wọ̀n, kò ní ibi tó ń lọ, ó lọ dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ìtòkú. Ìyẹn ní kó dìde, ilẹ̀ tútù. Ó fún un ní kùmọ̀, ó ní kó máa bá òun lu aṣọ tó bá ti gbẹ kó lè máa dán. Àwọn èèyàn sọ pé orí obìnrin yìí kò pé, ó mú olè wá síbi àpótí aṣọ. Abẹ́rẹ́ kan kò sọnù níbẹ̀ rí. Àgbàlá yẹn ló ti kọ́ òwò aṣọ tó fi rán ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwèé, títí kan ìwé lọ́yà tìẹ.

Ibẹ̀ náà ló ti rí mi. Kí ó tó sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan, kí n gbọ́ ọ, kí n sì máa lọ bí mo bá fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo ní kó má wulẹ̀ sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé báàgì Ìyá lọ́jọ́ náà."

Ó sunkún, ọkùnrin yẹn. Èmi náà sunkún. Mo fẹ́ ẹ, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ kan, àyàfi nígbà tó bá ń hanrun.

Ohun kan ló fi dè mí, pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ìkankan nínú ẹ̀yin ọmọ. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹ máa ru ẹrù tí Ìyá Ìtòkú ti sọ̀ kalẹ̀. Mo pa á mọ́ títí ó fi kú, mo sì pa á mọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àárọ̀ yìí ni mo jókòó síbi àwòrán rẹ̀ ní pálọ̀, mo ní kó dárí jì mí, pé ọmọ ẹlòmíràn kan wà ní àtìmọ́lé tí kò ní Ìyá Ìtòkú, adájọ́ ló ní, adájọ́ yẹn sì ni ọmọ wa.

Nítorí náà, má bú àwọn àgbà ìlú. Adájọ́ ni ọ́ ní kóòtù, ọmọ ni ọ́ níwájú wọn. Kúnlẹ̀ kí wọn. Sọ fún wọn pé ìbínú wọn tọ́, pé omi tí àwọn ìyàwó wọn ń lọ pọn lódò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kí ọlọ́pàá ya fọ́tò bátìrì náà fún ẹ̀rí, kí wọ́n sì tètè dá a padà, orí ẹ̀rọ omi ló yẹ kó wà, kì í ṣe orí èèyàn. Ní ti ọmọ náà, gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ̀bi, tí òfin sì ní kó lọ sẹ́wọ̀n, rán an lọ, má ṣojo. Ṣùgbọ́n kó fi aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ wọ kóòtù rẹ.

Mo mọ̀ ọ́, ọmọ mi. Bí o bá ti ka ibi tí mo dárúkọ bàbá rẹ, ọwọ́ rẹ á ti lọ sórí fóònù láti pè mí. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. A ó sọ ọ́ títí yóò fi sú wa, a ó sunkún rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n má tíì pè mí. Ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn ni kí o kọ́kọ́ pè.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.